Ìdí Kíránkì Kẹ̀kẹ́ Òkè: Ohun Tí Ń Mú Un Pẹ́ àti Ohun Tí Ń Pa Á

Gbogbo ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó mọ táyà, tí ó mọ ṣéènì, tí ó sì mọ bíréèkì, nítorí pé ojú ń rí wọn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní ìsàlẹ̀ férémù, ní àárín ẹsẹ̀ méjèèjì ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́, tí ojú kì í rí. Ohun náà ni ó ń ru ìwúwo ẹsẹ̀ nígbà tí a bá ń tẹ pẹ́dàlì. Bí ó bá bàjẹ́ pátápátá, kẹ̀kẹ́ náà di ẹrù tí ènìyàn yóò máa tì lọ sílé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní bottom bracket. Èmi yóò máa pè é ní ìdí kíránkì nínú àròkọ yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni apá kíránkì méjèèjì, tí pẹ́dàlì wà ní orí wọn, fi ìdí múlẹ̀ sí.

Mo yan ti kẹ̀kẹ́ òkè, èyíinì ni kẹ̀kẹ́ táyà gbọ̀ngbọ̀n tí a ṣe fún ọ̀nà àpáta àti ẹrẹ̀, nítorí ìdí méjì. Èkíní ni pé kò sí ibi tí ìyà ti ń jẹ ìdí kíránkì tó ti orí òkè, nítorí náà ibẹ̀ ni a ti lè rí ohun tí ń pa á kedere. Èkejì ni pé irú kẹ̀kẹ́ yìí, èyí tí a ti lò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ń wọ àwọn èbúté wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì ń dé ọjà wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, yálà a ti Nàìjíríà wá, tàbí Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà tàbí Sàró, lè ra irú rẹ̀ lọ́jọ́ kan láti fi lọ sí ilé-ìwé tí mọ́tò kì í dé. Olùkọ́ tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ sí ojú ọ̀nà, àwọn ọmọ tí ń dúró dè é ní kíláàsì ni yóò jìyà rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyí: èé ṣe tí ìdí kíránkì kẹ̀kẹ́ kan tí owó rẹ̀ kéré fi lè lo ọdún púpọ̀, nígbà tí ti kẹ̀kẹ́ mìíràn tí owó rẹ̀ pọ̀ jọjọ lè bàjẹ́ láàárín ìgbà òjò kan? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé irin ayé ìsinsìnyí kò dára tó ti àtijọ́. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Irin ayé ìsinsìnyí dára. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú àyè tí a fún bíárìn, àti nínú ìjà tí ó wà láàárín gírísì àti omi.

Bí a ti to ìdí kíránkì

Ní ìsàlẹ̀ férémù, níbi tí àwọn páìpù ńlá ti pàdé, páìpù kúkúrú kan wà tí ó dùbúlẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Èyí ni ilé. Ọ̀pá kan gba inú ilé yìí kọjá; apá kíránkì kan wà ní ìhín rẹ̀, èkejì sì wà ní ọ̀hún. Ọ̀pá náà kò gbọdọ̀ fi ara kan ilé, nítorí náà a fi bíárìn sí àárín wọn ní apá kọ̀ọ̀kan. Bíárìn ni òrùka àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké tí ń yí lórí ojú ọ̀nà irin líle. Gírísì ni oúnjẹ wọn, èdìdì rọ́bà sì ni ilẹ̀kùn tí ń dènà omi àti iyanrìn.

Nínú ètò àtijọ́, ife irin méjì ni a ń fi tíréèdì wé mọ́ ẹnu ilé náà, ọ̀kan ní ọ̀tún, èkejì ní òsì. Bọ́ọ̀lù mọ́kànlá ni ó sábà máa ń wà nínú ife kọ̀ọ̀kan, ìbú bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdá mẹ́rin íǹṣì, èyíinì ni mìlímítà 6.35. Àwọn bọ́ọ̀lù wọ̀nyí tóbi. Ẹni tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lè tú wọn síta, kí ó fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, kí ó fi gírísì tuntun sí i, kí ó sì tò wọ́n padà. Bí ọ̀kan bá fọ́, ìwọ̀nba owó díẹ̀ ni yóò fi ra òmíràn. Ohun tí ó mú kẹ̀kẹ́ àwọn bàbá wa pẹ́ nìyí: bọ́ọ̀lù rẹ̀ tóbi, ó sì ṣeé ṣí.

Tíréèdì tí a mọ̀ jù lọ nínú irú ilé yìí ni ti Gẹ̀ẹ́sì, tí a ń pè ní BSA, láti inú orúkọ ilé-iṣẹ́ Birmingham Small Arms. Ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 1.37, èyíinì ni mìlímítà 34.8, ojú tíréèdì 24 sì wà nínú íǹṣì kan. Gígùn ilé náà jẹ́ mìlímítà 68, tàbí 73 lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ kẹ̀kẹ́ òkè. Ife apá òsì ń dè bí gbogbo ìdérí ti ń dè, ṣùgbọ́n ife apá ọ̀tún ń dè ní òdì kejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi agbára ba tíréèdì apá ọ̀tún jẹ́ nítorí pé wọ́n rò pé àwọn ń tú u, nígbà tí ó jẹ́ pé dídè ni wọ́n ń dè é.

Ìdí òdì kejì yìí ṣeé kọ́ ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú pẹ́ńsù kan. Ẹ fi ọwọ́ òsì ṣe ihò tí ó gbòòrò díẹ̀ ju pẹ́ńsù lọ, kí ẹ fi pẹ́ńsù náà sí i, kí ẹ wá máa fi ọwọ́ kejì mú orí pẹ́ńsù náà yípo, kí ara rẹ̀ máa tẹ ẹ̀gbẹ́ ihò náà. Ẹ ó rí i pé pẹ́ńsù náà fúnra rẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀ sí òdì kejì ibi tí ọwọ́ yín ń yí sí. Bákan náà ni ẹrù tí ń yípo nínú ìdí kíránkì máa ń rọra yí ife sí òdì kejì ibi tí kíránkì ń yí sí. Nítorí náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe tíréèdì apá ọ̀tún lódì, kí yíyí náà lè máa dè é dípò kí ó máa tú u. Àwọn ará Ítálì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Apá méjèèjì tiwọn ń dè bákan náà, ife apá ọ̀tún wọn sì jẹ́ èyí tí a mọ̀ sí olùtú-ara-rẹ̀.

Kí ẹ̀yin tí ẹ ti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wá ṣọ́ra. Kẹ̀kẹ́ Faransé àtijọ́, irú èyí tí Peugeot ṣe, ní tíréèdì tirẹ̀: mìlímítà 35 ni ìbú rẹ̀. Àlàfo tí ó wà láàárín 35 yìí àti 34.8 ti Gẹ̀ẹ́sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè rí i. Ẹni tí ó bá fi ipá wé ọ̀kan mọ́ inú èkejì yóò ba férémù náà jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni férémù kì í ṣe ohun tí a ń rà lójoojúmọ́. Raleigh ti Nottingham pàápàá ní tíréèdì tirẹ̀ lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ojú 26 nínú íǹṣì kan.

Ohun tí òkè ń ṣe sí i

Ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà ni kẹ̀kẹ́ òkè ti bẹ̀rẹ̀ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan sáré ìje sọ̀kalẹ̀ lórí òkè kan nítòsí ìlú Fairfax, ní àgbègbè Marin. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí ó wúwo ni wọ́n gùn. Ìje náà ń jẹ́ Repack, orúkọ náà sì jẹ́ ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀: bíréèkì tí ó wà nínú ìdí táyà ẹ̀yìn máa ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gírísì inú rẹ̀ fi ń jó dànù, ẹni tí ó gùn ún sì níláti kó gírísì tuntun sí i kí ó tó tún lè sáré. Ní 1977 Joe Breeze, ọ̀kan nínú wọn, kọ́ férémù tí a dìídì ṣe fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ní 1981 ilé-iṣẹ́ Specialized gbé Stumpjumper jáde fún ọjà. Nígbà tí ó di 1996, eré ìje kẹ̀kẹ́ òkè ti wọ inú Òlíḿpíìkì ní Atlanta.

Ẹ wo ohun tí ó yípadà fún ìdí kíránkì. Ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà ń jókòó lórí ìjókòó rẹ̀. Àga ni ó ń ru ìwúwo rẹ̀. Ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta ń dìde dúró lórí pẹ́dàlì. Ìdí kíránkì ni ó ń ru ú. Bí ó bá fò láti orí òkúta bọ́ sílẹ̀, ohun tí ń dé ibẹ̀ ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Lẹ́yìn náà ni odò tí ó ń là kọjá, àti ẹrẹ̀ tí táyà iwájú ń ta sí ìsàlẹ̀ férémù gan-an, níbi tí ìdí kíránkì wà.

Ẹrù tí bíárìn ń rù pàápàá ju ohun tí ẹsẹ̀ tẹ̀ lọ. Ẹ mú igi gígùn kan, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kí ọwọ́ méjèèjì súnmọ́ ara wọn. Kí ọ̀rẹ́ yín wá fi ìka tẹ orí igi náà sísàlẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó nira gidigidi láti dá a dúró. Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì jìnnà sí ara wọn, kí ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó rọrùn. Igi ni ọ̀pá inú ilé, ọwọ́ méjèèjì ni bíárìn, ìka ọ̀rẹ́ yín sì ni ẹsẹ̀ tí ó wà lórí pẹ́dàlì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Kí a ní àárín pẹ́dàlì jìnnà sí àárín férémù ní mìlímítà 125, kí bíárìn kọ̀ọ̀kan sì jìnnà sí àárín náà ní mìlímítà 25. Bí ẹni tí ó wọ̀n kílógíráàmù 70 bá dúró lórí pẹ́dàlì kan ṣoṣo, bíárìn tí ó wà níhà ọ̀hún níláti di ọ̀pá náà mú sísàlẹ̀ pẹ̀lú agbára kílógíráàmù 140 kí ó má ba à dìde, bíárìn tí ó súnmọ́ ẹsẹ̀ yóò sì ru 70 àti 140 pọ̀, èyíinì ni 210. Bí a bá gbé bíárìn kọ̀ọ̀kan síta, kí ó jìnnà sí àárín ní mìlímítà 40, ẹrù ti èyí tí ó súnmọ́ ẹsẹ̀ yóò wá sílẹ̀ di nǹkan bí 144.

Ní 1947 àwọn ọ̀mọ̀wé ará Swídìn méjì, Gustaf Lundberg àti Arvid Palmgren, gbé ìlànà ìṣirò kan jáde nípa bí bíárìn ti ń gbó, àwọn ẹlẹ́rọ sì ń lo ìpìlẹ̀ rẹ̀ títí di òní. Ìlànà náà ni pé bí ẹrù orí bíárìn oníbọ́ọ̀lù bá di ìlọ́po méjì, ọjọ́ ayé rẹ̀ kì í dín sí ìdajì. Ó ń dín sí ìdá mẹ́jọ. Bí ẹrù bá di ìlọ́po mẹ́ta, ọjọ́ ayé rẹ̀ dín sí ìdá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nínú àpẹẹrẹ wa, bíárìn kan náà tí ó bọ́ lọ́wọ́ 210 tí ó wá ń ru 144 yóò pẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Ìlànà yìí kan náà fi hàn pé bí bọ́ọ̀lù bá ṣe tóbi tó ni agbára bíárìn ń pọ̀ tó, agbára náà sì ń yára dínkù ju bí ìbú bọ́ọ̀lù ti ń dínkù lọ.

Ilé ni a ń wò

Àwọn baba wa sọ pé ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a máa wo ilé ìdí kíránkì kí a tó yan ọ̀pá tí yóò wọ inú rẹ̀. Ìbú inú ilé BSA jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 34. Odi rẹ̀ kò lè sún. Ohun tí a bá fún ọ̀pá, ara ti bíárìn ni a ti yọ ọ́.

Ètò kan tí ó gba àyè yìí lò dáadáa ni èyí tí a fi bíárìn méjèèjì àti ọ̀pá wọn dì sínú àgọ́ kan ṣoṣo, tí a fi èdìdì rọ́bà pa ẹnu wọn dé. Ilé-iṣẹ́ Phil Wood ní Kalifọ́níà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1971, wà lára àwọn aṣáájú nínú iṣẹ́ bíárìn tí a fi èdìdì dì fún kẹ̀kẹ́. Shimano ti Jàpáánì, tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Sakai ní 1921, sọ irú rẹ̀ di ohun tí ó pọ̀ lọ́jà ní àwọn ọdún 1990. Orí ọ̀pá rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ìbú ọ̀pá náà sì jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 17. Bí a bá yọ 17 kúrò nínú 34, tí a pín ìyókù sí méjì, mìlímítà 8.5 ni ó kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún bọ́ọ̀lù, ojú ọ̀nà rẹ̀ àti ife. Àyè náà tó. Irú ìdí kíránkì bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣí bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń lo ọdún púpọ̀ láìbèèrè ohunkóhun, bí ó bá sì kú, owó rẹ̀ kò pọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sáré ìje ń fẹ́ kẹ̀kẹ́ tí ó fúyẹ́ tí kì í sì í tẹ̀. Páìpù tí ó gbòòrò tí inú rẹ̀ ṣófo a máa le ju ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wúwo lọ. Nítorí náà, Shimano mú ọ̀pá Octalink jáde ní 1996. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Chris King, Race Face àti Truvativ fi ìmọ̀ ṣọ̀kan lórí èyí tí a ń pè ní ISIS. Ìbú àwọn ọ̀pá tuntun yìí tó nǹkan bí mìlímítà 21 sí 22. Ilé kò yí padà. Ẹ tún ìṣirò náà ṣe: mìlímítà 6 tàbí díẹ̀ lé ni ó kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù níláti kéré kí ó tó wọ ibẹ̀. Ọ̀pá náà le, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdí kíránkì ISIS kò pẹ́ rárá lórí òkè, orúkọ burúkú yẹn ni àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ sì fi ń rántí rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ tí a rí ni láti gbé bíárìn jáde kúrò nínú ilé. Ní nǹkan bí 2003, Shimano mú Hollowtech II wá sórí kẹ̀kẹ́ òkè. Ife rẹ̀ ń wé mọ́ tíréèdì BSA kan náà, ṣùgbọ́n bíárìn wà lẹ́yìn ògiri, ní ìta. Nítorí náà ọ̀pá rẹ̀ lè gbòòrò tó mìlímítà 24 láìjẹ́ pé ó fún bọ́ọ̀lù pa, bíárìn méjèèjì sì tún jìnnà sí ara wọn, bí ọwọ́ wa lára igi. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá jáde síta ni òjò ń pa: bíárìn náà súnmọ́ ẹrẹ̀ àti omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, wákàtí kan kò pé tí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀, ohun èlò kan tàbí méjì sì tó fún iṣẹ́ náà.

A ìbá rò pé ẹ̀kọ́ náà ti yé gbogbo ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Cannondale ti mú BB30 jáde ní 2000, ó sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2006. Kò ní tíréèdì. Fífi agbára tì í wọlé ni a ń ti bíárìn sínú ilé rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irú rẹ̀ oríṣiríṣi tẹ̀lé e. Lára kẹ̀kẹ́ òkè, èyí tí ó gbilẹ̀ ni BB92, tí ìbú inú ilé rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 41. Bí ọ̀pá mìlímítà 24 bá wọ ibẹ̀, mìlímítà 8.5 ni ó kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gan-an bí ti orí igun mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kan fi ọ̀pá alumíníọ́ọ̀mù mìlímítà 30 sí i, mìlímítà 5.5 péré ni ó kù. Àṣìṣe ISIS padà wá ní aṣọ mìíràn, bọ́ọ̀lù sì tún kéré bí ẹ̀wà. SRAM gbìyànjú ní 2018 láti dín ọ̀pá kù sí mìlímítà 28.99, nínú èyí tí a ń pè ní DUB, kí èdìdì lè rí àyè díẹ̀.

Ìyọnu kejì ti irú èyí ni ariwo. Ohun tí a kàn tì wọlé gbọ́dọ̀ bá ihò rẹ̀ mu rẹ́gírẹ́gí. Bí ihò bá gbòòrò jù tàbí kò ṣe roboto, bíárìn yóò máa mì nínú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ yóò sì máa han bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti padà sí tíréèdì. Santa Cruz kò tilẹ̀ fi í sílẹ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ òkè rẹ̀. Ní 2015 Chris King àti Argonaut gbé T47 jáde: ilé gbígbòòrò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 47, tí ó sì ní tíréèdì. Èrò mi ni pé èyí ni ìdáhùn tí ó tọ́: bí a bá fẹ́ ọ̀pá ńlá, kí a kọ́kọ́ kọ́ ilé ńlá.

Omi ni olórí ọ̀tá

Gbogbo ìṣirò tí mo ṣe lókè yìí kan bíárìn tí ó mọ́ tí ó sì ní gírísì. Lórí òkè, díẹ̀ ni ìdí kíránkì tí ń gbé ayé pẹ́ tó láti kú ikú àárẹ̀ irin. Omi ni ó ń pa èyí tí ó pọ̀ jù. Irin tí a fi ń ṣe bọ́ọ̀lù le púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè dípẹtà. Bí omi bá wọlé, yóò fọ gírísì lọ, ìpẹtà yóò sì fi ihò kéékèèké sí ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù. Iyanrìn tí ó bá omi wọlé yóò dà pọ̀ mọ́ gírísì tí ó kù, wọn yóò sì di ìyẹ̀fun ìpọ́nrin tí ń jẹ irin lọ. Bọ́ọ̀lù seramíìkì wà tí kì í dípẹtà, owó rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n irin ni ojú ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń yí lórí rẹ̀, ìpẹtà yóò sì bá ojú ọ̀nà náà níbẹ̀.

Kì í ṣe òde nìkan ni omi ń gbà wọlé. Òjò ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìjókòó sọ̀kalẹ̀ nínú páìpù férémù, ó sì ń kó jọ sí ibi tí ó rẹlẹ̀ jù, èyíinì ni ilé ìdí kíránkì. Nítorí náà ni àwọn férémù kan fi ní ihò kékeré ní abẹ́ ilé yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹrẹ̀ dí i. Ohun mìíràn tí ń ṣe jàǹbá ni ẹ̀rọ ìfọkọ̀ tí ń tú omi jáde pẹ̀lú agbára. Èdìdì rọ́bà lè dá òjò dúró. Kò lè dá irú omi bẹ́ẹ̀ dúró. Garawa kan, àkísà kan àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó fún kẹ̀kẹ́.

Bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò àti bí a ti ń tọ́jú rẹ̀

Èkíní, ẹ yọ ṣéènì kúrò lára eyín kíránkì, kí ẹ sì yí kíránkì pẹ̀lú ọwọ́. Bí ó bá ń yí wẹ́rẹ́, ó sàn. Bí ẹ bá gbọ́ bí ẹni ń lọ àgbàdo, iyanrìn tàbí ìpẹtà ti wọlé.

Èkejì, ẹ di orí apá kíránkì mú, kí ẹ mì í sí ọ̀tún àti òsì. Bí apá méjèèjì bá ń mì pọ̀, bíárìn ti jẹ tàbí ife ti tú. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá ń mì, apá náà ni kò dè dáadáa mọ́ ọ̀pá. Ẹ dè é kíákíá. Bí a bá ń gùn ún bẹ́ẹ̀, yóò jẹ igun ọ̀pá náà, ẹsẹ̀ sì lè yọ lórí pẹ́dàlì nígbà tí a bá ń gun òkè, èyí tí ó lè gbé ènìyàn ṣubú.

Ẹ̀kẹta, kí a tó wé ife mọ́ ilé, kí a fọ tíréèdì mọ́, kí a sì fi gírísì pa á. Kí ẹnu ilé méjèèjì tẹ́jú, kí wọ́n sì kọjú sí ara wọn gbọọrọ. Bí ọ̀kan bá dà sí ẹ̀gbẹ́, bíárìn yóò dà sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú, àyè kan lára rẹ̀ ni yóò sì máa ru gbogbo ẹrù.

Ẹ̀kẹrin, kí a mọ ibi tí ó yẹ kí a ti lo agbára. Lára Hollowtech II, ìwọ̀n ìdè ife jẹ́ Newton-mítà 35 sí 50, èyí tí ó ń fẹ́ sípánà gígùn. Ṣùgbọ́n ìdérí kékeré tí ó ń fún bíárìn pọ̀ kò fẹ́ ju 0.4 sí 0.7 lọ: ìka ọwọ́ ti tó. Ẹni tí ó bá fi agbára èkíní dè èkejì ti fi ẹrù tí kò ní sọ̀kalẹ̀ láéláé lé bíárìn lórí.

Ní ìparí, bí ẹ bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ òkè tí a ti lò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà rẹ̀ fọ́ yín lójú. Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí ẹ wo ilé ìdí kíránkì. Bí ó bá ní tíréèdì BSA, tí ọ̀pá rẹ̀ sì jẹ́ olórí igun mẹ́rin tàbí mìlímítà 24, ẹ lè ní ìrètí pé ẹ ó rí ìyókù ara rẹ̀ rà, ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe yóò sì mọ ọ̀nà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irú tí a ń tì wọlé, kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹ ó ti rí bíárìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ohun tí ó le jù, tí ó fúyẹ́ jù, tí ó sì tuntun jù, ẹni tí ń sáré ìje tí onímọ̀ ẹ̀rọ ń dúró dè ni a ṣe é fún. Olùkọ́ tí ń gba ojú ọ̀nà oko lọ kọ́ ọmọ ènìyàn ń fẹ́ ohun tí ó ṣeé ṣí, tí ó ṣeé fọ̀, tí ó sì ṣeé dè padà. Bí a bá ti mọ èyí, a lè fi kọ́ àwọn ọmọ wa pẹ̀lú igi kan, pẹ́ńsù kan àti ìṣirò ìyọkúrò, wọn yóò sì mọ̀ pé ìmọ̀ inú ìwé kò jìnnà sí kẹ̀kẹ́ tí ó fara ti ògiri ní ẹ̀yìn kíláàsì.